Kí Ni Wọ́n Fi Pín In? Wíwọn Agbára Páìpù Kábọ́ọ̀nù

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó pè mí sí Ìlá Ọ̀ràngún ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ohun tí ojú lásán ò lè rí, àṣẹ tí wọ́n pa fún mi ni pé kí ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà lóye rẹ̀, kí ọmọ tó ń ka físíìsì má sì sùn. Ibi tí mo bá ti lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ ké sí mi, n óò dúró tú u.

Ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò, àwọn ọmọ yín sì ti kà á lórí fóònù, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ohun kan tó lágbára ju irin lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, tó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Carbon nanotube ni wọ́n ń pè é lóyìnbó. Páìpù kábọ́ọ̀nù ni n óò máa pè é níbí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wí bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé: níbo lẹ ti dì í mú nígbà tí ẹ ń fà á? Kí ni ẹ sì fi pín ipá tí ẹ rí? Ẹni tí kò bá lè dáhùn méjèèjì, ìròyìn ló gbọ́, kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Òun ló pọ̀ jù nínú èédú, òun ni lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsù, òun ni dáyámọ́ńdì, òun náà ló wà nínú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò ló ń mú ìyàtọ̀ wá. Nínú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, átọ́ọ̀mù mẹ́fà ló ń para pọ̀ di òrùka kan, òrùka ń so mọ́ òrùka, gbogbo rẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ. Ká ní a mú pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, a ká a bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì sì so mọ́ra láìsí ojú rírán: páìpù kábọ́ọ̀nù nìyẹn. Nígbà mìíràn páìpù kan á wà nínú òmíràn, òmíràn á tún wà nínú ìyẹn, títí dé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sumio Iijima, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ NEC, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1991 tí gbogbo ayé fi kọjú sí i. Àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Radushkevich àti Lukyanovich, ti tẹ àwòrán ohun tó jọ ọ́ jáde láti 1952, ṣùgbọ́n èdè tiwọn ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn tí ì bá kà á kò sì gbọ́ èdè náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kọ ìmọ̀ sílẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ní ti títóbi rẹ̀, bí a bá gé mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 80,000. Páìpù tí n óò fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí fẹ̀ ní nánómítà 20. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣírò ìyókù.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wọn ohun tí ojú rí. Ẹmu dídá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlá. Adẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ, igbà tó yí òun àti ọ̀pẹ ká ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, kò sì sí adẹ́mu olóye tí kì í fa igbà rẹ̀ wò, kó fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, kó tó gùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà ibi tí igbà ti ń já. Kì í sábà jẹ́ ibi tó dán gbinrin. Ibi kókó ni, tàbí ibi tí ara ọ̀pẹ ti họ ọ́, tàbí ibi tí òjò ti mú un rà. Ibi tó bàjẹ́ jù lára igbà ló ń pinnu iye tí igbà lè gbé. Ibi tó dára jù kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ohun kan náà ni Leonardo da Vinci, ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì, ń wá ní nǹkan bí 1500 nígbà tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí a ṣe lè dán wáyà irin wò. Ó ní kí a so wáyà kọ́ sókè, kí a so agbọ̀n mọ́ ìdí rẹ̀, kí a jẹ́ kí iyanrìn máa ṣàn sínú agbọ̀n láti ojú ihò tóóró títí wáyà yóò fi já, kí a wá wọn iyanrìn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a mú wáyà tó kúrú sí i, kí a tún un ṣe, kí a wo ohun tí gígùn ń ṣe. Wáyà tó gùn ní ibi púpọ̀ tí àbùkù lè sá pamọ́ sí. Ní 1921, A. A. Griffith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú: ó fa okùn gíláàsì já, ó sì rí i pé bí okùn náà bá ṣe tínrín tó ni ìwọ̀n ojú ìgé kan náà ń gbé ẹrù tó. Sísán kéékèèké tí ojú ò rí ló ń pa gíláàsì, ohun tó bá sì tínrín jù kò ní àyè tí sísán ńlá lè gbà wọlé. Láti ìgbà yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ń ronú pé bí a bá lè rí okùn tí àbùkù kankan ò sí lára rẹ̀, agbára rẹ̀ yóò kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ti rí rí. Ìdí nìyẹn tí páìpù kábọ́ọ̀nù fi mú orí wọn gbóná.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni páskàlì. Ó kéré gan-an, nítorí náà bílíọ̀nù kan rẹ̀ ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń pè ní gígápáskàlì. Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì sọ ọ́ kó lè yé wa. Bí okùn kan bá wà tí ojú ìgé rẹ̀ jẹ́ mílímítà kan níbùú, mílímítà kan lóròó, tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì, oníkílò 50 kọ̀ọ̀kan, kí ó tó já, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígápáskàlì kan. Ẹ kíyè sí i pé mo ní láti sọ bí ojú ìgé rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí mi ò bá sọ ọ́, àpò méjì kò túmọ̀ sí nǹkan kan, nítorí okùn tó nípọn bí apá yóò gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó lágbára. Ipá tí a fi fà á já, kí a pín in fún ojú ìgé, òun ni à ń pè ní agbára. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ibi ìpín yẹn ni yóò gbà.

Ẹ lọ wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta rọ́ọ̀dù. Òṣogbo kò jìnnà sí wa, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀kan sí nínú ilé-iṣẹ́ irin mẹ́ta tó ṣí ní àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ti Jos àti ti Katsina. Rọ́ọ̀dù tó bá tó 500 lórí ìwọ̀n àwọn ẹnjiníà yóò gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lórí mílímítà onígun-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìní padà sípò. Rọ́ọ̀dù oní-mílímítà 12, ojú ìgé rẹ̀ jẹ́ mílímítà onígun-mẹ́rin 113, nítorí náà yóò gbé nǹkan bí àpò 115. Ẹ mú un wá sọ́jà. Èyí tí wọ́n pè ní 12 fún bíríkìlà, bí ẹ bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ó lè jẹ́ 10 ni. Ojú ìgé ti 10 kò pé 79, àpò tó lè gbé kò ju 80 lọ. Irin náà kò lẹ́bi, ó lágbára bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ojú ìgé ni wọ́n jí, àpò sìmẹ́ńtì 35 sì bá a lọ lórí rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, nínú òpó kan ṣoṣo tí rọ́ọ̀dù mẹ́rin tàbí mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé alájà bá wó, tí a ń bú irin, mo máa ń fẹ́ béèrè pé ta ló wọn ìbú rẹ̀.

Ó wá kan páìpù kábọ́ọ̀nù. Ìka wo ni yóò di ohun tó fẹ̀ ní nánómítà 20 mú, tí gígùn rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà? Wàhálà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó kọ́kọ́ dáwọ́ lé e kò fà á rárá. Ní 1996, Treacy, Ebbesen àti Gibson wo páìpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì, tí èkejì yọ síta, lábẹ́ máíkróskóòpù tó ń fi eléktróọ̀nù ríran. Ooru máa ń mú orí tó yọ síta gbọ̀n, gbígbọ̀n náà sì ń mú kí àwòrán rẹ̀ ṣú. Wọ́n wọn bó ṣe ń gbọ̀n tó, wọ́n fi ṣírò bí páìpù náà ṣe gan tó. Iye tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti gígápáskàlì 400, ó kọjá 4,000. Nígbà tí wọ́n dá a pọ̀ pín, ó jẹ́ 1,800. Ti irin jẹ́ nǹkan bí 200. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Wong, Sheehan àti Lieber ní Harvard de orí kan páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ tó mú jù ti èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì rí nǹkan bí 1,280.

Ẹ má jẹ́ kí iye wọ̀nyí tàn yín. Gígan ni wọ́n wọ̀n, ìyẹn bí nǹkan ṣe kọ̀ láti tẹ̀ àti láti nà. Ìgbà tí yóò já jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀pá gíláàsì gan ju igbà lọ, síbẹ̀ ẹ ò ní fi gun ọ̀pẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn oníròyìn ló ń da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ń mú iye gígan wá kà fún wa gẹ́gẹ́ bí iye agbára.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ rí àwọn tó fà á títí tó fi já, tí wọ́n sì ka ipá rẹ̀, ni 2000, nígbà tí Min-Feng Yu, Rodney Ruoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Inú máíkróskóòpù eléktróọ̀nù ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀, nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde, tí kò tóbi ju àpótí lọ. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ kan sí apá ọ̀tún, òmíràn sí apá òsì. Wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan orí páìpù, wọ́n wá dojú ìtànṣán eléktróọ̀nù kọ ibi tí wọ́n ti kan ara wọn, títí ìdọ̀tí tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tó sì gan, bí ayọ́rin ṣe ń jó irin mọ́ irin. Wọ́n ṣe orí kejì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ méjèèjì rọ̀: bí wọ́n ṣe ń fa páìpù náà ni ọ̀pá abẹ́rẹ́ yìí ń tẹ̀, bó sì ṣe tẹ̀ tó ni wọ́n fi ka ipá. Páìpù 19 ni wọ́n fà já. Agbára wọn bẹ̀rẹ̀ láti gígápáskàlì 11, ó dé 63. Lórí mílímítà onígun-mẹ́rin kan, àpò sìmẹ́ńtì 22 ni ti èyí tó kéré jù; ti èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nǹkan bí 128.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè wa méjèèjì wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ìdìmú. Bí àlẹ̀mọ́ yẹn bá tú kí páìpù tó já, agbára àlẹ̀mọ́ lẹ wọ̀n. Bí ìtànṣán bá sì ti ba ara páìpù jẹ́ níbi tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti já, ẹ̀yin náà lẹ fi ọwọ́ ara yín dá kókó sí igbà.

Ti ìpín ló le jù. Páìpù tí wọ́n fà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, páìpù nínú páìpù ni. Àlẹ̀mọ́ kan èyí tó wà lóde nìkan. Nígbà tí ó já, ti òde ló já, àwọn ti inú kàn yọ jáde wọ́ọ́rọ́ bí idà tó yọ nínú àkọ̀. Bí àwọn onímọ̀ náà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá rò ó pé, níwọ̀n bí ti òde nìkan ti gbé ẹrù, ojú ìgé ti òde nìkan ló yẹ kí àwọn fi pín. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni. Ẹ wo ohun tó ń ṣe sí iye. Ẹ mú páìpù tó fẹ̀ ní nánómítà 20. Ògiri kan nípọn ní 0.34, ojú ìgé rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi nánómítà onígun-mẹ́rin 21. Bí ẹ bá fi gbogbo ìbú páìpù náà pín in, pẹ̀lú àwọn ti inú àti ihò àárín, ojú ìgé á di 314. Ìfàjá kan náà tó jẹ́ gígápáskàlì 63 tẹ́lẹ̀ á di díẹ̀ lé ní mẹ́rin. Páìpù kan, ìfà kan, ọjọ́ kan, àwọn oníṣirò méjì ti gba ọ̀nà méjì lọ, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ipá tó fà á já náà ńkọ́? Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo hóró ìrẹsì kan. Ibi tí ìṣòro wíwọ̀n wà gan-an nìyẹn: ipá tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ojú ìgé tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àṣìṣe kékeré nínú ọ̀kan á sì di àṣìṣe ńlá nínú èsì.

Ní 2008, Peng, Espinosa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Northwestern tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rọ ìfàwò tí wọ́n kọ́ kéré débi pé ó wọ inú máíkróskóòpù tó ń rí ògiri páìpù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè ka ògiri tó já, kò sí pé à ń méfò mọ́. Wọ́n rí nǹkan bíi gígápáskàlì 100, èyí tó sún mọ́ ohun tí àwọn oníṣirò ti sọ pé yóò jẹ́ bí àbùkù kò bá sí lára rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé bí ìtànṣán eléktróọ̀nù bá so ògiri mọ́ ògiri, ti inú náà á bá ti òde gbé ẹrù. Ní 2018, àwọn ará Yunifásítì Tsinghua ní ilẹ̀ Ṣáínà fa ìdì páìpù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà, agbára rẹ̀ kọjá gígápáskàlì 80. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀, torí gígùn ni ọ̀tá tí Leonardo ti ń sọ.

Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún wá ńkọ́? Irin wo ni wọ́n fi wé e? Bí ó bá jẹ́ rọ́ọ̀dù tí a fi ń ṣe dẹ́kìn, ìlọ́po igba ni. Bí ó bá jẹ́ wáyà dùùrù tó wà lára àwọn irin tó lágbára jù, kò ju ìlọ́po ogójì sí àádọ́ta lọ. Páìpù ẹyọ kan la sì ń sọ. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ ran òwú tí ọwọ́ lè dì mú, páìpù á máa yọ̀ lára páìpù, agbára á sì wálẹ̀ sí ìdá díẹ̀ nínú ti ẹyọ kan. Àwọn tó ń lálàá pé àwọn yóò fi ṣe okùn tí a óò máa gùn láti ilẹ̀ ayé lọ sí òfurufú, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ adẹ́mu Ìlá kí wọ́n tó so ó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ yìí kò kan ọmọ wa. Winston Wole Soboyejo, tó ti jẹ́ ààrẹ African University of Science and Technology l'Ábújá, ló kọ ìwé Mechanical Properties of Engineered Materials ní 2002, ìwé tó dá lórí bí ohun èlò ṣe ń tẹ̀, tó ń sán, tó ń já. Dèjì Akínwándé, tó dàgbà ní Ìkẹjà tó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní Austin, òun àti H.-S. Philip Wong ló jọ kọ ìwé kíkẹ́kọ̀ọ́ lórí páìpù kábọ́ọ̀nù àti pẹlẹbẹ rẹ̀ ní 2011. Ní 2017, orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú lórí àyẹ̀wò gígùn kan nípa bí a ṣe ń wọn agbára àwọn pẹlẹbẹ tó nípọn ní átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ní Minna, àwọn ará FUT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ń ṣe páìpù náà fúnra wọn, wọ́n sì ń fi í fọ omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́. Ṣíṣe rẹ̀ kò le tó wíwọ̀n agbára rẹ̀, torí máíkróskóòpù tí a lè fa nǹkan nínú rẹ̀ wọ́n gógó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa ohun tí ojú rí wà nítòsí. Ọ̀kan wà ní CERD, ibùdó ìwádìí kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ti Leonardo kò sì ju agbọ̀n àti iyanrìn lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà nílùú yìí, èyí ni mo bẹ̀ yín. Ẹ lọ bá àwọn adẹ́mu, ẹ gba fọ́nrán tí wọ́n ń fi hun igbà. Ẹ gé ogún ní gígùn kan, ogún ní ìdajì rẹ̀, ogún ní ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ẹ wọn ìbú kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́ta kí ẹ tó so agbọ̀n mọ́ ọn, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá já. Èyí tó bá já níbi tí ẹ ti so ó, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìyókù, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ kọ ohun tí ẹ fi pín in sókè tábìlì. Bí ẹ bá sì ń mú èsì padà lọ fún àwọn adẹ́mu, iye tó kéré jù nínú ogún ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún wọn, torí òun ni wọn yóò béèrè.